Àwọn Eré Tí Mo Ròyìn fún Bàbá Mi

Orí kọnkéré ni mo ti kọ́ bọ́ọ̀lù alájùsápẹ̀rẹ̀, ìyẹn básíkẹ́ẹ̀tì, nítorí náà ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń rántí nípa Sharjah, ní ilẹ̀ Lárúbáwá, ni ìró bàtà mi lórí pákó. Pákó náà ń dán bíi pé wọ́n fi epo pa á. Bí mo bá yí ẹsẹ̀ padà, bàtà á ké fín-ín bí òròmọdìyẹ. Ní ilé-ẹ̀kọ́ girama tí bàbá mi ti ń kọ́ni ní eré ìdárayá ní Ìwó, ilẹ̀ tí a ti ń gbá a ti sán, koríko ń yọ láàárín rẹ̀, ẹni tó bá ṣubú níbẹ̀ á fi awọ orúnkún sílẹ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ní Sharjah, mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, kí n lè mọ bó ṣe ń rí láti ṣubú láì gbọgbẹ́. Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà náà. Mo rò pé mo ti dé ibi tí ayé mi ń lọ.

Ọdún kẹta ni mo wà ní yunifásítì, tí mo ń kọ́ nípa ilẹ̀ wíwọ̀n, nígbà tí ọkùnrin kan wá wò wá níbi ìdíje àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ó pe ara rẹ̀ ní aṣojú àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ó ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń kọ́lé ní ilẹ̀ Lárúbáwá ní ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì, pé wọ́n ń wá ọmọ tó ga tó sì lè sáré. Mo ga ju gbogbo ọkùnrin kíláàsì mi lọ, àfi ẹyọ kan. Ìwé àdéhùn ọdún méjì ló kó wá. Láti ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ bí àlejò tó fẹ́ máa lọ.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí ìyá mi kú, bàbá mi nìkan ló tọ́ mi. Òun ló kọ́ mi ní eré náà, òun náà ni kò fẹ́ kí n tìtorí rẹ̀ fi ìwé sílẹ̀. Ó ka ìwé àdéhùn náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ní, “Ọdún méjì péré ló kù kí o jáde. Ṣé wọn ò lè dúró dè ọ́ ni?”

Mo ní, “Bàbá, wọn ò ní dúró. Ìwé ló máa ń dúró deni.”

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Mo ti gbọ́ òwe yẹn láìmọye ìgbà, mo sì gbà pé àwọn ọmọdé mìíràn ni wọ́n ń pa á fún. Bàbá mi kò bá mi jà. Ó sìn mí dé pápákọ̀ òfurufú ní Èkó. Nígbà tí a fẹ́ pínyà, ó rí i pé okùn bàtà mi tú, ló bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn, ó sì so ó, bó ṣe máa ń ṣe kí eré tó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré. Ojú tì mí. Mo ń wò yíká bóyá ẹnikẹ́ni ń wò wá.

Oṣù mẹ́rin ni mo fi gbá eré níbẹ̀, eré mẹ́jọ péré. Gbọ̀ngàn àwọn obìnrin ni, ọkùnrin kì í wọ ibẹ̀. Ọmọ Lẹ́bánọ́ọ̀nù ni olùkọ́ wa, obìnrin tí ohùn rẹ̀ ti há nítorí igbe. Ìgbà yẹn gan-an ni ọrọ̀ ajé dojú dé ní Dubai, ìlú tó múlé gbe Sharjah. Bí bọ́ọ̀sì bá ń gbé wa kọjá, a máa ń rí àwọn kírénì lórí ilé tí wọn ò kọ́ parí, wọ́n dúró gbagidi, kò sí èyí tó ń yí. Mo rò pé ìsinmi ni àwọn òṣìṣẹ́ wà. Kò wá sí mi lọ́kàn pé irú àwọn ilé wọ̀nyẹn ló ń bọ́ wa. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, a dé gbọ̀ngàn, a bá a ní títì. Olùkọ́ wa dúró síta pẹ̀lú àpò bọ́ọ̀lù lẹ́jìká, ó ní, “Khalas.” Ó parí nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ náà ti kógbá sílé, ẹgbẹ́ wa sì bá a lọ. Ó dì mọ́ wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni mo ní láti rí iṣẹ́ mìíràn tó máa gba visa fún mi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí n padà sílé.

Ó yẹ kí n padà. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí n lọ. Mo rí bedspace, ìyẹn àyè bẹ́ẹ̀dì kan, ní àdúgbò Hor Al Anz ní Dubai, nínú yàrá kan tí àwa obìnrin mẹ́fà ń pín, tí kálukú fi kọ́tìnì bo bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀. Obìnrin Ìjẹ̀bú kan ló ni bẹ́ẹ̀dì ìsàlẹ̀, èmi ni mo ni tòkè. Aránṣọ ni, ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Satwa, ó ti lé lẹ́ni ogójì ọdún, Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo yàrá ń pè é. Nígbà tó rí i pé ẹsẹ̀ mi ń yọ kọjá irin bẹ́ẹ̀dì, ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sókè, ó ní kí n máa sùn nísàlẹ̀, kí n lè fi àpótí gbé ẹsẹ̀. Mo ní kó má ṣèyọnu.

Ó ní, “Àbúrò mi, sùn jàre. Èmi kúrú, ibi gbogbo ló gbà mí.”

Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ló bá mi rí iṣẹ́ sikiọ́rítì. Ṣòkòtò tí wọ́n fún mi kò ju ojúgun lọ, Ẹ̀gbọ́n ló wá aṣọ aláwọ̀ kan náà, tó fi lé e gùn. Ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn kékeré kan ní àdúgbò Al Qasimia, ní Sharjah, ni wọ́n fi mí sí. Wákàtí méjìlá lórí ìdúró. Àga wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti àwọn aláìsàn ni, ọ̀gá wa sì ti sọ pé ẹ̀ṣọ́ kì í jókòó.

Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, tí bàbá mi bá ti mọ́ṣáláṣí dé, mo máa ń pè é. Ní Jímọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ wa tú ká, ó bi mí pé eré ńkọ́, ẹnu mi sì dá a lóhùn pé a borí. Bí mo ṣe di oníròyìn eré tí kò wáyé nìyẹn. Mo á sọ ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù fún mi, ẹni tó ṣubú, bí mo ṣe fò. Bàbá mi á máa béèrè bí olùkọ́ tó jẹ́: “Ṣé o tẹ orúnkún kí o tó fò?” Mo á ní, “Mo tẹ̀ ẹ́, Bàbá.” Oṣù bíi mélòó kan kọjá báyìí. Ní ọjọ́ kan tí mo sọ fóònù kalẹ̀, mo gbọ́ ohùn Ẹ̀gbọ́n láti òkè. Ó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, torí ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ń ṣe ìsìn níbẹ̀, ó ti dùbúlẹ̀ lẹ́yìn kọ́tìnì rẹ̀.

“Àbúrò mi, ẹgbẹ́ tiyín yìí kì í pàdánù ni?”

Mo ti fóònù bọ abẹ́ ìrọ̀rí.

Ó ní, “Kí wọ́n nà yín lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán. Bàbá yẹn kì í ṣe ọmọdé.”

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, a pàdánù. Mo sọ fún bàbá mi pé ọwọ́ mi ni bọ́ọ̀lù ìkẹyìn wà, pé mo jù ú, ó kan irin, ó sì jáde. Ó bi mí pé:

“Nígbà tí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù yẹn fún ọ, ṣé o sá fún un?”

“Mi ò sá, Bàbá.”

“Ó tán. Ẹni tí kò bá sá là ń pè ní agbábọ́ọ̀lù. Lọ jẹun. Má fi ebi jẹ ara rẹ níyà. Ṣé o gbọ́?”

Ó ń rẹ̀ mí lẹ́kún báyìí títí káàdì fóònù fi tán. Mo sunkún nítorí eré tí ẹnikẹ́ni kò gbá. Ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n sọ̀kalẹ̀ láti òkè, ó wá orí mi kàn, ó gbé e síbẹ̀.

Láìpẹ́ sí ìgbà náà, ọkùnrin ará Ìwó kan tó máa ń wá ra ẹ̀yà ọkọ̀ ní Sharjah wọ ilé ìwòsàn wa, inú ló ń run ún. Bàbá mi ló kọ́ ọ níwèé. Bí mo ṣe rí i, mo kọjú sí ògiri, mo ń ka ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò lórí rẹ̀. Ó kọjá, kò kí mi. Inú mi dùn. Obìnrin tó ga bí igi àgbọn, tí gbogbo Ìwó mọ̀, ló rò pé fìlà sikiọ́rítì ti bo òun mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn Jímọ̀ méjì, mo ròyìn eré tán, bàbá mi wá bi mí pé, “Níbi tí o wà yẹn, ṣé wọ́n ń jẹ́ kí o jókòó?”

Mo rò pé bẹ́ǹṣì àwọn tó ń dúró de eré ló ń wí. Mo fi ìgbéraga dáhùn: “Rárá o, Bàbá. Èmi kì í jókòó. Èmi ni wọ́n ń kọ́kọ́ fi sínú eré.”

“Ó dáa,” ni ó wí. “Máa fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ rẹ ẹsẹ̀ rẹ.”

Nígbà tí ọkùnrin ará Ìwó náà máa fi padà wá, mo ti lo ọdún kan àti ààbọ̀ lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Inú kò run ún lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀dọ̀ mi ló wá tààrà. Ó ní, “Àbúrò, Tíṣà ní kí n fún ọ,” ó na àpòòwé kan sí mi. Ìwé méjì ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan ní òǹtẹ̀ yunifásítì, èkejì jẹ́ lẹ́tà tí bàbá mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ.

Ó kọ ọ́ pé: “Ọmọ mi, mo ti mọ iṣẹ́ tí o ń ṣe láti ìgbà tí ẹni tó mú ìwé yìí wá ti rí ọ. Iṣẹ́ náà kì í ṣe ìtìjú. Mi ò sọ̀rọ̀ nítorí mo rí i pé o fẹ́ kí inú mi dùn, inú mi sì ń dùn. Nínú gbogbo eré tí o sọ fún mi, èyí tí ẹ pàdánù nìkan ni mo gbà gbọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tí o lọ, mo lọ bá ọ̀gá ẹ̀ka yín pé kí wọ́n má pa orúkọ rẹ rẹ́, pé ọmọ mi ń bọ̀. Mo tún lọ ní ọdún kejì. Wọ́n fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n wọ́n ní kò sí ẹ̀ẹ̀kẹta. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá wọlé ní sáà tó ń bọ̀ tí o kò sí níbẹ̀, ó parí. Mi ò pàṣẹ. Mo ní kí o mọ̀ ni.”

Mo jókòó sórí àga àwọn aláìsàn. Ìyá arúgbó ará Síríà kan tó ń dúró de dókítà gbé ọwọ́ lé orúnkún mi, ó ní, “Habibti,” bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ tí wọ́n fẹ́ràn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni olùkọ́ wa àtijọ́ pè mí. Ó ní wọ́n fẹ́ dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀ ní Dubai, kí n wá dán ara mi wò ní ọjọ́ Jímọ̀. Mo lọ. Èémí mi kò gùn mọ́, ẹsẹ̀ mi wúwo bí ẹsẹ̀ ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò gbàgbé. Mo ju bọ́ọ̀lù mẹ́wàá, mẹ́jọ wọ àwọ̀n. Olùkọ́ náà ní, “Yalla, máa bọ̀,” ó fún mi ní ìwé àdéhùn sáà kan, ó ní ọ̀rọ̀ visa kò le. Mo kó ìwé rẹ̀ àti ti bàbá mi sínú àpò kan náà, mo gbé wọn lọ bá Ẹ̀gbọ́n. Bọ́tìnì ló ń rán mọ́ aṣọ.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, kí ni kí n ṣe?”

“Mi ò lè yàn fún ọ. Tèmi nìkan ni mo mọ̀. Ọdún mọ́kànlá rèé tí mo ti wà níbí. Lọ́dọọdún ni mò ń sọ fún àwọn ọmọ mi pé ó ku ọdún kan.” Ó fi eyín já òwú, ó mú bọ́tìnì mìíràn.

Ọjọ́ méjì ni mo fi rò ó. Nígbà tí mo pe olùkọ́ náà pé mò ń lọ sílé, ó bi mí bóyá ó dá mi lójú. Mo sọ òótọ́ fún un. Mo ní kò dá mi lójú. Mo wá pe bàbá mi, mo jẹ́wọ́ pé oṣù mẹ́rin péré ni mo fi gbá eré, pé mò ń bọ̀. Oṣù méjì tó kù nínú àdéhùn iṣẹ́ mi, mo dúró parí rẹ̀, mo sì wọkọ̀ òfurufú.

Bàbá mi ti rù nígbà tí mo rí i ní Èkó. Ó ní, “Ṣé o ti jẹun?” Ó gba àpò mi, a wọ mọ́tò. Nígbà tí a kúrò ní Èkó, ó ní, “Ó yá, sọ ti oṣù mẹ́rin yẹn fún mi. Ti òótọ́.” Mo sọ eré mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ fún un títí a fi dé Ìbàdàn. Ó di ojú, ó ń gbọ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ níbi tó bá ti dùn.

Mo parí ìwé mi láàárín àwọn ọmọ tó ń pè mí ní Ìyá. Ilẹ̀ ni mò ń wọ̀n títí dòní. Bàbá mi ti dolóògbé. Ẹgbẹ́ tuntun tí mo kọ̀ yẹn kò sì wó, bí mo ṣe máa ń sọ fún ara mi pé yóò wó. Ọ̀dọ́bìnrin tó gba ipò mi níbẹ̀ ti ibẹ̀ lọ gbá eré ní ilẹ̀ Yúróòpù. Mo rí àwòrán rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Mo bá a yọ̀, lẹ́yìn náà mo tún wo àwòrán náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin kan láti yunifásítì wa mú ìwé àdéhùn tirẹ̀ wá sí ọ́fíìsì mi. Ó ti gbọ́ ìtàn mi, ó sì ti múra láti bá mi jiyàn. Mo bi í bóyá àwọn òbí rẹ̀ mọ̀, bóyá ó ti gba àyè lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́, àti iṣẹ́ wo ni àwọn tó ni ẹgbẹ́ náà ń ṣe jẹun. Ó dáhùn méjì. Kò mọ ẹ̀kẹta, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun á béèrè. Mi ò sọ fún un pé kó má lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ráyè dá mi dúró nígbà náà, ǹ bá ti tètè gboyè, ṣùgbọ́n ǹ bá má mọ bí bàbá mi ṣe fẹ́ràn mi tó. Mi ò tíì mọ bí èèyàn ṣe ń fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gba ẹlòmíràn nímọ̀ràn. Nígbà tó ń jáde, ó tẹ orí ba kó má baà forí gbá àtẹ́rígbà, bí gbogbo àwa tí a ga ṣe máa ń ṣe. Mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, mo sì dúró wò ó títí ó fi yà ní ìkóríta.