Ọ̀bẹ Inú Àpò Aládùúgbò Mi

Ọ̀bẹ kíká aládùúgbò mi kan ní Ìkòsì kì í kúrò lápò rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń pọ́n ọn, á ní, “Ọ̀bẹ tó bá ti kújú, ṣíbí ni.” Àwa náà á ní, “Ọ̀gá, ta lẹ fẹ́ dúńbú lónìí?”

Lọ́jọ́ kan, èmi àti ẹ̀ jọ wà ní Kétu. Ìborùn obìnrin kan há sínú táyà Márúwá tó wọ̀, ó sì fún un lọ́rùn pinpin. Ojú rẹ̀ ti yọ síta. A ń ké “Yéè!” Kí n tó ṣẹ́jú, aládùúgbò mi ti gé aṣọ náà.

Obìnrin náà mí kanlẹ̀. “Ha! Ẹ ti ba ìborùn mi jẹ́!”

Aládùúgbò mi ká ọ̀bẹ rẹ̀, ó fi í sápò.

“Ẹ má bínú, Mummy. Ìborùn wà lọ́jà. Wọn kì í ta ọrùn.”