Ọ̀tún ni Iṣu Ń Lọ́ Sí

Òjò rọ̀ lánàá. Ní òwúrọ̀ yìí, òórùn ewé iṣu tútù gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé mi ní Ararọ̀mí-Ọ̀pin. Ọmọ ọmọ mi obìnrin, tó wá lo ìsinmi láti Ìlọrin, ń fi ìka tọ ìtàkùn iṣu mi lórí igi.

"Màmá àgbà, ta ló lọ́ gbogbo wọn sí apá kan náà?"

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ da tíì ọwọ́ mi nù. Ìbéèrè tèmi gan-an nìyẹn!

Mo ti ka ìtàn àwọn ọba, mo ti ka ti ìràwọ̀, kò sí èyí tó dùn mọ́ mi tó ìtàkùn iṣu. Kíláàsì karùn-ún ni mo wà nígbà tí olùkọ́ wa kà á fún wa pé ohun ọ̀gbìn tó ń gun igi ní apá tó máa ń lọ́ sí, kì í sì í yí i padà. N kò gbà. Ní Sátidé, bí Bàámi ti ń roko lọ níwájú, mo tú ìtàkùn mẹ́wàá, mo lọ́ wọn sí òdìkejì. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ má dán an wò lóko olóko: bí ọ̀mùnú bá ṣẹ́, iṣu abẹ́ rẹ̀ kò ní tóbi.

Bàámi bojú wẹ̀yìn.

"Ìwé lò ń kà ni, àbí ìjàngbọ̀n?"

"Ẹ jọ̀ọ́ Bàámi, mo fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n á padà ni."

"Ó dáa. Bí ẹyọ kan bá kú, oko ni wàá máa bá mi wá láràárọ̀. Ilé-ìwé parí nìyẹn."

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń bẹ Ọlọ́run kí wọ́n má kú. Ní ọjọ́ karùn-ún, a jọ lọ wò ó. Apá tí mo lọ́ ti tú dànù, ṣùgbọ́n ọ̀mùnú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ti tún ń gun igi, ọ̀tún ni gbogbo wọn sì gbà! Mo fò sókè. Bàámi sún mọ́ igi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi ìka tọ ọ̀kan, wọ́n tọ èkejì, ni wọ́n bá sáré lọ sí ìdí èsúrú tí ìyá mi gbìn sétí oko. Bàámi, tí kì í sáré fún òjò!

"Wá wò ó! Òsì ni èyí ń lọ́ sí o! Látọjọ́ tí mo ti ń roko, n kò ṣàkíyèsí rẹ̀ rí! Lọ bi olùkọ́ rẹ kí ló fà á."

Mo bi í. Kò mọ̀.

Bàámi ní, "Á jẹ́ pé wàá kàwé títí wàá fi mọ̀ ọ́n nìyẹn."

Mo kà á títí mo fi di olùkọ́, títí mo fi fẹ̀yìn tì; mo mọ díẹ̀ níbẹ̀, ó ku púpọ̀. Bàámi ti lọ. Ilé ti gba oko náà. Ṣùgbọ́n iṣu kò tíì yà sí òsì.

Ọmọ náà ti ń fa fóònù yọ láti wá ìdáhùn. Mo fọwọ́ bò ó. "Tú ẹyọ kan, kí o lọ́ ọ sí òdìkejì. Rọra o."

Ọ̀la ló yẹ kó padà sí Ìlọrin. Ó ti ń bẹ ìyá rẹ̀ lórí fóònù fún ọjọ́ mẹ́rin sí i.