Èèpo Ẹ̀gẹ́ Mùtíátù

Ẹni tó bá ní Mùtíátù kì í ṣe èèyàn jẹ́jẹ́ kò parọ́ mọ́ ọn. Ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n rèé tí ọmọ Ọ̀yọ́ yìí ti ń yan gàrí nílé ọkọ rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin, èmi náà sì ti ń bá a yan án láti ọjọ́ pípẹ́. Èéfín ti sọ ojú rẹ̀ di pupa. Ojú pupa yẹn ló fi ń wo gbogbo ẹni tó bá béèrè gàrí ọjọ́ méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún gbáko ni ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ń lò nínú àpò kó tó dé inú agbada. "Ẹni tó ń kánjú, kó lọ ra búrẹ́dì," ló máa ń wí.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí. Tàjúdéènì ni, àbúrò ọkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Tàjúdéènì lọ́jọ́ tí wọ́n gbé Mùtíátù wọlé, ikun ṣì wà nímú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti wà nínú ilé ṣáájú ìyàwó. Ọkọ ni, nìyẹn. Títí dòní, orí ìkúnlẹ̀ ni Mùtíátù ti ń kí i, "ọkọ mi" ló sì ń pè é. Tàjúdéènì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì ń fi ṣe fújà.

Lọ́dún tó kọjá, ó ra abo màlúù méjì. Bí wọ́n bá jẹko nínú igbó ẹ̀yìn ilé tán, èèpo ẹ̀gẹ́ ló fẹ́ máa fi kún un fún wọn. Èèpo sì pọ̀ nídìí ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ẹ̀gẹ́. Kò tọrọ, ó kàn ń kó o ni.

Mùtíátù kìlọ̀ fún un. "Ọkọ mi, oró wà lára èèpo ẹ̀gẹ́ yìí. Ẹ jẹ́ ká bá yín lọ̀ ọ́, ká fún omi rẹ̀ dànù, kí ẹ wá sá a sóòrùn kó gbẹ kẹ́kẹ́."

Tàjúdéènì rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbọ́ o, ọmọ Ọ̀yọ́ fẹ́ kọ́ ọmọ Ìjẹ̀bú bí wọ́n ṣe ń yọ oró ẹ̀gẹ́. Ṣé kì í ṣe kó ṣáà ti kan ni?"

Ló bá di èèpo tútù sínú àpò bí ẹni ń ṣe gàrí, ó gbé òkúta lé e lórí, ó fi sílẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún láàárín òjò. Aláìmọ̀kan gbàgbé pé lílọ̀ là ń lọ ẹ̀gẹ́ ká tó dì í. Nígbà tó ń rùn, ó ní ó ti kan, ó sì kó o fún àwọn màlúù rẹ̀.

Èyí tó lóyún nínú wọn ló jẹ ẹ́ jù, ó sì wú níkùn. Itọ́ ń ho lẹ́nu rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Kó tó di ọ̀sán, òun àti ọmọ inú rẹ̀ ti kú. Lóòótọ́, Tàjúdéènì ṣe mí láàánú lọ́jọ́ náà. Àánú ọ̀hún ò dalẹ́, nítorí ó gba ọjà lọ, ó ń wí pé èèpo Mùtíátù ló pa màlúù òun. Ó ní ẹ̀gẹ́ tí èèpo rẹ̀ pa màlúù, ṣé gàrí rẹ̀ ló yẹ kí ọmọ èèyàn mu?

Ọ̀rọ̀ náà ràn. Hájà Ikhlas, tó ti ń kó gàrí wa lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde láti ọdún mẹ́wàá, kò yọjú mọ́. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, Mùtíátù pa iná agbada. Mi ò rí i kó jókòó lásán rí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, nígbà tí àwọn àgbà ilé kírun dé, tí wọ́n pé jọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, Mùtíátù gbé abọ́ gàrí olómi tútù wọlé. Gàrí ẹ̀gẹ́ tí èèpo rẹ̀ pa màlúù gan-an ni. Ó kúnlẹ̀ síwájú Tàjúdéènì, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un.

"Ọkọ mi, ẹ gbà, ẹ mu."

Nílé wa, bí ìyàwó bá kúnlẹ̀ gbé nǹkan fún ọkọ níwájú àgbà, tí ọkọ kọ̀ ọ́, gbogbo ilé ló tàbùkù sí. Bàbá Gbàdàmọ́sí, olórí ẹbí, tẹjú mọ́ Tàjúdéènì.

"Gbà á lọ́wọ́ rẹ̀."

Mi ò rí ìkúnlẹ̀ tó ní ìbínú nínú tó yẹn rí. Tàjúdéènì gbà á, ó mu ún.

"Ó kù nísàlẹ̀," ni Mùtíátù wí.

Ó mu ìyẹn náà. Ìgbà náà ni Mùtíátù dìde, ó lọ wọ́ ọ̀kan nínú àpò èèpo tí Tàjúdéènì dì wá láti ẹ̀yìn ilé, ó tú u sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Èèpo ti bu, nǹkan funfun àti dúdú ti hù bò ó, òórùn rẹ̀ sì lé àwọn àgbà dìde lórí àga.

"Èyí lẹ fún màlúù," ló wí. "Ó pẹ́ tí ẹ ti ń mu gàrí tèmi, kò tíì pa yín."

Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, Hájà Ikhlas ti dé pẹ̀lú ọkọ̀. Ní báyìí, à ń lọ èèpo, à ń fún un, à ń sá a, àwọn tó ń sin màlúù àti ewúrẹ́ sì ń rà á. Tàjúdéènì náà wá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nítorí màlúù kan tó ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́ ti ń rù. Èèpo gbígbẹ tẹ́ sílẹ̀ lọ rẹrẹ títí dé ẹsẹ̀ rẹ̀.

Mùtíátù kúnlẹ̀.

"Ẹ káalẹ́, ọkọ mi. Kò sí èèpo."