Bàlúù Bàbá Kapotwe

Ìtàn tí gbogbo àdúgbò Lubuto ní Ndola mọ̀ jù nípa olóògbé Bàbá Kapotwe ni ti ọ̀sán Sátidé tó kó àwọn aládùúgbò mẹ́ta wọ bàlúù nínú pálọ̀ rẹ̀. Ó to àga bí ìjókòó ọkọ̀, ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà tí eré bàlúù wà nínú rẹ̀, ó di ọ̀pá ìtukọ̀ mú, ni bàlúù náà bá gbéra, ó di Lusaka. Ìyá Musonda, ìyàwó rẹ̀, ń pín ẹ̀pà fún àwọn èrò. Wọn ò tíì jẹ ẹ́ tán tí kọ̀ǹpútà fi ní òun ò rí ọ̀pá kankan mọ́.

Bàbá yọ wáyà, ó tún tì í padà sí àyè rẹ̀. Wákàtí kan kọjá, bàlúù ń yí lójú kan lókè. Ni Mwape, obìnrin ojúlé kejì, bá dìde.

"Bàbá Musonda, mo gbé ẹ̀wà kaná nílé."

"Ẹ jókòó. A ò tíì balẹ̀."

"Ẹ̀wà mi ti ń jóná báyìí."

"Tí ẹ bá gba ẹnu ọ̀nà yẹn jáde, inú òfuurufú lẹ máa bọ́ sí."

Nígbà tí bàlúù já sínú igbó níkẹyìn, Bàbá ṣí fìlà, ó bọ èrò kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n má bínú, gbogbo wọn ti kú. Mwape ní ṣé òkú lè wá lọ wo ẹ̀wà rẹ̀.

Bàbá ò ṣàwàdà rárá. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi di irin kan mú níbi ìwakùsà bàbà, irin tó ń sọ àpótí tí àwọn òṣìṣẹ́ wà nínú rẹ̀ kalẹ̀ sínú ihò ilẹ̀, tó sì ń fà wọ́n gòkè. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ti rán èèyàn lọ sísàlẹ̀ tó, ó kù kí òun náà lọ sókè. Musonda ọmọ wọn fi kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ láti Kitwe. Bàbá fúnra rẹ̀ ló ra ọ̀pá ìtukọ̀ àlòkù lọ́jà.

Eré náà ò gba ti ọ̀pá yẹn. Lọ́jọ́ tó bá tiẹ̀ rí i, òsì ló máa ń fà á sí. Ẹni tó bá sì gbéra ní Ndola lọ sí Lusaka, Congo ló wà lósì rẹ̀. Tí àlejò bá béèrè Bàbá, Ìyá Musonda á ní, "Ẹ jókòó dè é, ó ṣì wà ní Congo."

Bàbá kọ̀wé sí àwọn tó ṣe eré náà. Wọ́n fèsì tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé ọ̀pá rẹ̀ ti pẹ́ jù, kó ra òmíràn. Ó tún kọ̀wé: "Ogójì èèyàn ni mo ń fi irin kan ṣoṣo sọ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ihò ilẹ̀ ò sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé òun ò mọ irin yẹn rí." Wọn ò fèsì mọ́. Ó ní ojú ló tì wọ́n.

Ìyá Musonda ló padà rí ojútùú. Ó ń gbálẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó fi ọwọ́ ti ìdí ọ̀pá náà sápá ọ̀tún, ni bàlúù bá tọ́. Láti ọjọ́ yẹn, èèyàn méjì ló ń tù ú: òun á di ìdí rẹ̀ mú, ọkọ rẹ̀ á di orí rẹ̀ mú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní oṣù Kẹfà, Bàbá kọ orí bàlúù sí àríwá.

"Ọ̀nà Lusaka kọ́ nìyí o."

"Ìwọ ṣáà di ìdí ẹ̀ mú."

Lẹ́yìn wákàtí méjì ààbọ̀, omi ńlá yọ. Adágún Tanganyika ni, ní Mpulungu tí wọ́n ti bí Ìyá Musonda. Ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ti jẹ́ kó lè jókòó sínú bọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀, láti ìgbà tí wọ́n ti sin ìyá rẹ̀.

Ó na ìka sí etí omi, níbi tó jẹ́ igi nìkan ni kọ̀ǹpútà yà síbẹ̀. "Ilé wa nìyẹn."

Bàbá ò sọ pé òun ò rí ilé kankan. Ó yí bàlúù po ibẹ̀, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ṣé ká máa lọ?"

"Ẹ tún yí i lẹ́ẹ̀kan sí i." Ọwọ́ rẹ̀ ti kú tipiri lórí ọ̀pá, kò sì tú u sílẹ̀.

Oṣù Kẹjọ ni Bàbá sùn tí kò jí mọ́. Lọ́jọ́ ìsìnkú, wọ́n tún sọ ìtàn ọ̀sán Sátidé yẹn, àwọn tí wọ́n bá Bàbá ṣiṣẹ́ níbi ìwakùsà sì rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń nu ojú. Ọ̀kan nínú wọn bi Ìyá Musonda bóyá bàlúù yẹn tiẹ̀ gbé ẹnikẹ́ni dé ibì kankan rí.

Ìyá Musonda kọ́kọ́ bá wọn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló rọra tún gèlè rẹ̀ wé.

"Ó gbé mi délé," ló wí.