Ìwé Apàṣẹwàá Tí Mo Kà fún Bàbá Mi

Níwájú yunifásítì, ní Agbowó, ni mo ti ra ìwé náà lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó máa ń tẹ́ ìwé àlòkù sílẹ̀ lórí ọ̀rá. Ó nípọn, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti ya. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ìtàn àròsọ ni, nípa apàṣẹwàá kan tó jókòó lé orílẹ̀-èdè kan lórí títí tó fi darúgbó. Mo rò pé kò ní pẹ́ tí màá fi kà á tán. Mo tan ara mi jẹ ni.

Ìwé náà le. Ẹni tó kọ ọ́ kò fi àmì kankan sí ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn èèyàn inú rẹ̀, o ò ní mọ̀ bóyá apàṣẹwàá náà ló ń sọ̀rọ̀ tàbí ìránṣẹ́ rẹ̀. Olórí ni gbogbo wọn ń pè é. Ní orí kìíní, Olórí ti kú. Ní orí kejì, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba ìjọba. Ní orí tó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń jà sí ogún. Gbólóhùn kan ṣoṣo lè kún ojú ìwé kan. Mo ní ṣọ́ọ̀bù oògùn kékeré kan ní Ring Road, ibẹ̀ ni mo ti máa ń kà á nígbà tí èrò bá dá. Bí oníbàárà bá wọlé, tí mo dá a lóhùn tán, mo ti gbàgbé ibi tí mo dé, àfi kí n tún padà sí òkè ojú ìwé. Mo pa á tì, mo tún gbé e, mo tún pa á tì.

Ohun tó fà mí padà ni ọ̀rọ̀ ilé. Ilé ilẹ̀ kékeré kan ni ìyá Olórí ń gbé láàárín ìlú. Lọ́jọ́ kan, Olórí pàṣẹ pé ilé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ga ju ti ìyá òun lọ. Kò rán ṣọ́jà lọ wólé. Ó ní kí àwọn tó ni pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gun òkè ilé wọn fúnra wọn, kí wọ́n fi òòlù wó o wálẹ̀, kí wọ́n sì máa kọrin ọpẹ́ bí wọ́n ṣe ń wó o. Opó kan wà níbẹ̀ tó ti fi gbogbo agbára ìgbà èwe rẹ̀ kọ́ ilé. Òun náà gun òkè, òun náà kọrin. Ìgbà tí ohùn rẹ̀ ha, ọ̀gá ṣọ́jà kan ní kó bẹ̀rẹ̀ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo pa ìwé náà dé, mo sì jáde síta lọ gba atẹ́gùn. Inú bí mi gan-an, bí ẹni pé mo mọ opó náà.

Ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, tí mo bá kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò kì í lọ tààrà sí ilé mi ní Akóbọ̀. Mo máa ń kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn òbí mi ní Bódìjà. Tíṣà ìṣirò ni bàbá mi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Àìsàn ojú ti ń gba ìríran wọn díẹ̀díẹ̀, wọn ò lè kàwé mọ́, ìyẹn sì ń dùn wọ́n ju ohun gbogbo lọ. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbọ́ tí mò ń ṣí ìwé.

"Kí lò ń kà?"

"Ìwé ìtàn kan ni, Dádì. Ó le díẹ̀."

"Kà á sókè."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé mò ń ka ìwé náà fún wọn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, Dádì sì gbọ́ ọ dáadáa. Ìyá mi, tó jẹ́ aránṣọ, máa ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, wọ́n á máa pa ẹ̀gúsí. Bí ibi kan bá dùn, mo máa ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fún Mọ́mì. Ìyá mi kì í sọ nǹkan kan. Bàbá mi ni ẹjọ́ wọn pọ̀.

"Ṣé ẹni yìí kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi àmì ìdánudúró sí gbólóhùn ni?"

"Ó mọ̀ ọ́n, Dádì. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni."

"Kí ló dé tó fi ń fìyà jẹ wá nígbà náà?"

Síbẹ̀ wọn ò ní kí n dáwọ́ dúró. Wọ́n ń fi ọpọlọ ṣírò ọjọ́ orí Olórí láti orí kan sí èkejì, bí mo bá sì ṣi ọdún pè, wọ́n á dá mi dúró. Inú mi dùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí wọn bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó yá, a dé orí kan tí Olórí ti kú tipẹ́ nínú rẹ̀. Àwọn arúgbó mẹ́ta jókòó sórí àlàpà ilé tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn wó, wọ́n ń ráhùn nípa ìjọba tuntun. Ọ̀kan nínú wọn ní, nígbà ayé Olórí, oòrùn máa ń dé àgbàlá gbogbo àwọn bákan náà.

Mo rò pé Dádì máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ńṣe ni wọ́n mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni," wọ́n ní. "Nígbà tí àwọn ológun wà ńbẹ̀, ìlú wà létòlétò. Èèyàn ń tò sórí ìlà. Ẹnikẹ́ni kò jẹ́ da pàǹtí sójú títì. Lọ wo Challenge lónìí, lọ wo Ṣàngó. Olúkúlùkù ń ṣe bó ṣe wù ú."

Mo gbé ìwé náà lé itan mi. "Dádì, ṣé ẹ rántí Dùgbẹ̀?"

"Dùgbẹ̀ wo?"

Mo mọ̀ pé wọ́n rántí. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí nígbà náà, àwọn ológun ló wà lórí oyè. Dádì mú mi dání lọ sí báǹkì kan ní Dùgbẹ̀. Ìlà gùn jáde sínú oòrùn, àwọn ṣọ́jà méjì sì ń rìn lọ rìn bọ̀ pẹ̀lú kòbókò lọ́wọ́. Ìyá àgbàlagbà kan tó wà níwájú wa dédé wó lulẹ̀. Dádì sáré kúrò lórí ìlà, wọ́n gbé ìyá náà lọ sábẹ́ ibòji, wọ́n bá a wá omi. Nígbà tí wọ́n padà wá dúró síbi tí mo wà, ọ̀kan nínú àwọn ṣọ́jà náà ní wọ́n já ìlà. Dádì ṣàlàyé. Àwọn tó wà lẹ́yìn wa rí ohun tó ṣẹlẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Ọmọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì jáde dáadáa ni ṣọ́jà náà. Ó ní kí bàbá mi lóṣòó, kí wọ́n di etí mú, kí wọ́n máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ lọ dé ẹnu géètì, kí wọ́n sì fò padà. Dádì bọ́ awò ojú wọn, wọ́n gbé e fún mi. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Bí wọ́n bá ti fẹ́ sinmi, kòbókò á ba ẹ̀yìn wọn. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Mo rí akẹ́kọ̀ọ́ wọn kan láàárín èrò, ó yí ojú rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo di awò náà mú ṣinṣin, mi ò sunkún, torí mo rò pé bí mo bá sunkún, ṣọ́jà náà á ní kí Dádì tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tá à ń lọ sílé, Dádì ra búrẹ́dì fún mi, wọ́n ní kí n má sọ fún Mọ́mì.

"Dùgbẹ̀ tí ṣọ́jà ti ní kí ẹ fò bí ọ̀pọ̀lọ́, Dádì."

Wọ́n gbé ọwọ́ bí ẹni lé eṣinṣin. "Wọ́n bá mi wí ni. Mo kúrò lórí ìlà, àbí mi ò kúrò? Òfin ni òfin."

Mi ò lè sọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rí lára mi. Ká ní wọ́n bínú, ká ní wọ́n ní àwọn kò fẹ́ rántí, màá fi wọ́n sílẹ̀. Àmọ́ kí wọ́n jókòó síwájú mi, kí wọ́n máa gbè sẹ́yìn ẹni tó nà wọ́n níwájú ọmọ wọn, ìyẹn ni mi ò lè gbé mì. Mo ti fẹ́ sọ̀rọ̀ tí ọmọ kì í sọ sí bàbá rẹ̀ nígbà tí ìyá mi gbé igbá ẹ̀gúsí wọn sílẹ̀.

"Wọ́n bá yín wí kẹ̀?" Ohùn wọn kò ga. "Ta ló fọ ẹ̀jẹ̀ kúrò lára ṣòkòtò tẹ́ ẹ wọ̀ lọ́jọ́ náà? Ẹ sọ fún mi pé ẹ ṣubú níbi tẹ́ ẹ ti ń sáré wọkọ̀. Mo ní ẹ pẹ̀lẹ́. Àmọ́ èmi ni mo máa ń fi omi gbígbóná wẹ ẹ̀yìn yín, mo rí ohun tó wà níbẹ̀. Ọdún yẹn parí, ẹ ò tún dé Dùgbẹ̀. Èmi ni mò ń lọ báǹkì. Ṣé ẹni tí wọ́n bá wí nìyẹn?"

Bàbá mi ní oorun ń kun àwọn. Wọ́n fi ọ̀pá wọn tálẹ̀ lọ títí wọ́n fi dé yàrá. Mo bẹ ìyá mi pé kí wọ́n má bínú. Wọ́n ní, "Bínú sí ta? Gbé ẹ̀gúsí yẹn fún mi."

Bí mo ṣe ń wakọ̀ lọ sí Akóbọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ náà ni mò ń rò. Mo ro ti ṣọ́jà yẹn. Bó bá ṣì wà láyé, ó ti di bàbá àgbà níbì kan, kò sì ní rántí. Ẹni tó rán an níṣẹ́ fẹ̀yìn tì pẹ̀lú ọlá, wọ́n ń dìde fún un níbi àpèjẹ. Kò sẹ́ni tó wá bẹ bàbá mi pé ẹ jọ̀ọ́. Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ kò dé, tí ọdún ń gorí ọdún, bàbá mi ní láti wá orúkọ tí wọ́n máa fún ìtìjú náà kí wọ́n lè máa bá a gbé. Wọ́n pè é ní ìbáwí. Mo wá rí i pé kì í ṣe bàbá mi ni mò ń bínú sí. Kò tó fún ẹni tó nani pé ó nani, ó tún sọ ẹni tó nà di alágbàwí rẹ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ọ̀dọ́kùnrin kan wá ra oògùn ibà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ó rí àwòrán fìlà ológun tó wà lára ìwé náà lórí káńtà.

"Irú ẹni bí èyí la nílò báyìí, mà," ó ní. "Ẹni tó máa fi kòbókò tún ìlú yìí ṣe."

Mo bi í pé, "Ẹ̀yìn ta ni kòbókò náà máa bà?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Kì í ṣe tèmi ṣá."

Mi ò bá a rẹ́rìn-ín. Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Dùgbẹ̀ fún un, láì sọ pé bàbá mi ni. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní ìyẹn kò dáa, àmọ́ irú ìyẹn kò lè ṣẹlẹ̀ mọ́. Mo béèrè ohun tó dá a lójú bẹ́ẹ̀. Ó gba oògùn rẹ̀, ó kí mi, ó lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú kejì, mo bá àlejò nílé àwọn òbí mi. Ọ̀rẹ́ bàbá mi ni, wọ́n jọ lọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni. Kò pẹ́ tí iná fi lọ, àlejò náà sì gbẹ́nu lé ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ nígbà gbogbo, pé ìlú yìí ti bàjẹ́, pé àyàfi kí àwọn ológun padà wá.

Dádì já lu ọ̀rọ̀ wọn. "Wọ́n ní kí n fò bí ọ̀pọ̀lọ́ ní Dùgbẹ̀," wọ́n ní. "Níwájú ọmọ mi yìí. Ìyá arúgbó kan ni mo gbé nílẹ̀."

Ọ̀rẹ́ wọn bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ nìkan kọ́. Èmi náà, wọ́n ní kí n máa gé koríko ní Ring Road, tèmi ti aago ọwọ́ mi."

"Kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

Ọ̀rẹ́ wọn wo Dádì. Ẹ̀rín náà ṣì wà lójú wọn, àmọ́ wọn ò mọ ohun tí wọ́n máa fi í ṣe mọ́. "Ó ti pẹ́ jù," wọ́n ní níkẹyìn.

"Ó ti pẹ́ lóòótọ́. Ṣé ó pa ọ́ lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é?"

Mo rí i tí àlejò náà ń fi ọwọ́ kan pa ọrùn ọwọ́ kejì, níbi tí aago máa ń wà. Wọ́n ní rárá, pé wọn ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn, pé ìyàwó àwọn tó ti dolóògbé bi àwọn títí, àwọn kò sọ fún un. Ìyá mi gbé omi tútù wá fún wọn. Dádì ní kí n mú ìwé wa, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì jókòó, mò ń kà, afẹ́fẹ́ ń gba ojú fèrèsé wọlé.

A parí rẹ̀ nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀. Olórí kú sórí ibùsùn rẹ̀, wọ́n ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i. Mo pa ìwé náà dé. Dádì bi mí bóyá ibì kan wà tí àwọn sùn gbàgbé sí.

"Rárá, Dádì. Ẹ gbọ́ gbogbo rẹ̀."

"Kò síbi tí ẹnikẹ́ni ti tọrọ àforíjì?"

"Kò síbẹ̀, sà."

Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ní á jẹ́ pé ẹni tó kọ ọ́ mọ àwọn apàṣẹwàá dáadáa, pẹ̀lú gbogbo wàhálà tó fún àwọn. Wọ́n wá ní kí n wá ìwé mìíràn wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kó má kàn jẹ́ ti ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti ẹ̀yìn.