Ìgbà Tí Mo Fi Iyọ̀ sí Ẹ̀wà Oníṣúgà

Orí ìyẹ̀fun ni mo bá Màdáámù lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ilé ìdáná wọn. Mi ò ṣàwàdà. Ó ti po ìyẹ̀fun náà, ó fi aṣọ funfun wé e, ó gbé e sílẹ̀, ó sì ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń tẹ amọ̀ ilé. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wò ó.

Kúùkù ni mí. Àdúgbò Bẹyẹrunka ni wọ́n bí mi sí, mo sì ti dáná fún òyìnbó méjì kí òmìnira tó dé. Mo rò pé kò sí oúnjẹ àjèjì tó tún lè yà mí lẹ́nu mọ́, àfi ìgbà tí tọkọtaya ará Jàpáànì yìí gba pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan nítòsí Mápó, tí ọkọ ń ra aṣọ ní ọjà Òjé.

"Ràímì," ni Màdáámù wí, "bọ́ bàtà ẹ, fọ ẹsẹ̀ ẹ, wá tẹ̀ ẹ́."

Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀ la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Tèmi ò dára, tirẹ̀ ò dára. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó ní ẹsẹ̀ ló ń jẹ́ kó le, kó má baà já nínú omi gbígbóná. Lẹ́yìn náà ó nà án, ó ká a, ó gé e tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn, ó bọ̀ ọ́, ó dà á sínú ọbẹ̀ olómi tó ń ta sánsán bí ẹja gbígbẹ. Ùdọ́ọ̀nù ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí mo gbé e síwájú Ọ̀gá, ọkọ rẹ̀, ó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì mú un, ó fà á sẹ́nu: fùrúrúrú! Èmi tí mo ti sin òyìnbó tí kì í jẹ́ kí ṣíbí kan àwo, mo rò pé ó ti há a lọ́fun. Mo sáré gbé omi dé, mo ń gbá a lẹ́yìn. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní bí èèyàn ò bá fà á kó dún, ẹni tó sè é á rò pé kò dùn ni.

"Oúnjẹ ẹsẹ̀!" ni ìyá mi wí nígbà tí mo ròyìn fún un. Àkàrà ló ń dín ní Bẹẹrẹ. "Ràímì, má gbé e wálé o."

Màdáámù ní ẹ̀wà kan nínú agolo, wẹ́wẹ́, pupa, tó gbé bọ̀ láti ìlú wọn. Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, ó da gbogbo èyí tó kù sínú ìkòkò.

"Sè é kó rọ̀ dáadáa," ló wí, "kí o wá da ṣúgà sí i, ife méjì."

Òun àti Ọ̀gá bá jáde lọ.

Mo wo ṣúgà, mo wo ẹ̀wà. Ọmọ alákàrà ni mí. Ife ṣúgà méjì? Mo rántí pé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó pe àlùbọ́sà ní ata. Mo ní Gẹ̀ẹ́sì ló tún ṣì í lẹ́nu, iyọ̀ ló ń wí. Mo bu iyọ̀ níwọ̀n, mo gé àlùbọ́sà, mo da ata gígún àti epo pupa sí i. Mo tọ́ ọ wò. Ó dùn! Mo wá ń retí ìyìn.

Màdáámù dé, ó ṣí ìkòkò. Mo ti rí ọ̀gá tó bú mi, mo ti rí èyí tó ju àwo mọ́ mi. Mi ò tíì rí èyí tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìdáná, tó di ìkòkò mú, tó ń sunkún láìpariwo.

Ọ̀gá ló fà mí síta. "Ìyá ẹ̀ kú lọ́dún tó kọjá," ló wí. "Kí lẹ́tà tó dé, wọ́n ti sin ín. Ọ̀la ló pé ọdún kan. Ẹ̀wà yẹn la fi ń ṣe ohági: a ó ṣu ìrẹsì tó ń lẹ̀ mọ́ra, a ó fi ẹ̀wà oníṣúgà bò ó, a ó gbé e síwájú àwòrán olóògbé. Kò sí òmíràn mọ́."

Àfi bí ìgbà tí wọ́n da omi tútù lé mi lórí. Mi ò mọ bí mo ṣe rìn dé Bẹẹrẹ. Ìyá mi gbọ́rọ̀ mi tán, ó gbé àkàrà tó ń dín sọ̀kalẹ̀.

"Wọ́n ní ṣúgà, o fi iyọ̀. Sàráà ìyá ẹ̀ lo da epo sí yẹn, Ràímì!"

"Mo rò pé ó ṣì í sọ ni, Ìyá."

"O ò lẹ́nu tó o fi bi í?"

Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Ìrẹsì tó ń lẹ̀, èyí tí àwọn Haúsá fi ń ro tùwó nìyẹn. Ẹ̀wà olóyin wà nílé. Dìde ńbẹ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi àti ìyá mi gbé ẹ̀wà àti ìrẹsì dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ kọ́ mi."

Màdáámù wo ẹ̀wà náà títí, ó wo ìyá mi, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. A sè é, a da omi àkọ́kọ́ nù, a tún un sè. Ìyá mi tẹ̀ ẹ́, ó fi asẹ́ sẹ́ ẹ bí ẹni ń sẹ́ ògì, èèpo dúró sókè. Ṣúgà wọlé. Mo rò ó lórí iná títí apá fi ń ro mí. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dì, Màdáámù ní, "Iyọ̀."

Mo ta gìrì. Mo rò pé ó ń fi mí ṣẹlẹ́yà.

"Iyọ̀, Ràímì. Bíńtín. Òun ló ń mú kí ṣúgà dùn." Ìgbà tó rí bí ojú mi ṣe rí ló tó rẹ́rìn-ín.

A se ìrẹsì náà, a ṣù ú, a fi ẹ̀wà bò ó, a gbé e síwájú àwòrán ìyá arúgbó kan tó jọ ọ́. Ó tẹrí ba, ó pẹ́ kó tó gbé e sókè. Lẹ́yìn náà ó gé díẹ̀ jẹ.

"Kì í ṣe ti ìyá mi," ló wí. Ó tún gé e jẹ. "Ṣùgbọ́n ìyá mi ì bá jẹ ẹ́."

Ìyá mi náà tọ́ ọ wò, ó lanu sílẹ̀. "Háà! Ẹ̀wà nìyí?" Ó mú òmíràn.

Mo pẹ́ lọ́dọ̀ wọn kí wọ́n tó padà sílé wọn. Gbogbo ẹni tí mo kọ́ níṣẹ́ lẹ́yìn náà ló gbọ́ ọ lẹ́nu mi pé kí wọ́n má gbọ́n ju ẹni tó ni ìkòkò lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá yà ọ́ lẹ́nu, béèrè.

Kí a tó kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ìyá mi ní kí n bi Màdáámù kí lorúkọ ìyá ẹ̀. Màdáámù sọ ọ́. Ó lọ́ mọ́ ìyá mi lẹ́nu, ìyá mi ní kó tún un sọ, Màdáámù tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹta. Lásùbáà ọjọ́ kejì, mo ń ṣe àlùwàlá lójúde nígbà tí mo gbọ́ ohùn ìyá mi nínú yàrá. Ó ń ka orúkọ àwọn òkú ilé wa, bó ti máa ń ṣe, ó ń tọrọ àforíjì fún wọn. Nígbà tó dárúkọ ìyá tirẹ̀ tán, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í to orúkọ kan pọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń ṣì í pè, ó ń tún un pè, títí ó fi pè é tán.