Omidùn Tó Kan Jù

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tí mo ṣí ìkòkò àgbàdo tí mo rẹ, òórùn tó jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá mi létí. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, kò kan, ńṣe ló ń fà bí ilá. Bẹ́ẹ̀, kúùkù ilé ìwé kan lọ́nà Òtò ń bọ̀ wá gba garawa ògì mẹ́rin lọ́jọ́ Jímọ̀. Ayé sójà nìyẹn: à ń tò sórí ìlà nítorí mílíìkì, búrẹ́dì di ti olówó, ògì wá di ọba. Bí mo bá já kúùkù kulẹ̀, ọ̀dọ̀ Ìyá Sẹ́nà tá a jọ ń ta ògì lọ́jà Àgbálátà ló máa gbà lọ.

Àwa ọlọ́gì máa ń tọ́jú omidùn, ìyẹn omi kíkan tó máa ń lékè ògì. Bá a bá bù ú sórí àgbàdo tuntun, kíá ló máa kan. Ó yẹ kéèyàn máa fi tuntun pààrọ̀ ẹ̀. Èmi ò pààrọ̀ o. Oṣù kan ni mo fi tọ́jú ìkòkò kan ṣoṣo, mo rò pé bó bá ṣe ń kan sí i ni agbára ẹ̀ ń pọ̀ sí i. Òun náà ni mo bù sórí àgbàdo yìí.

Tíṣà, ará Èkìtì tó gba yàrá lọ́dọ̀ wa, tọ́ ọ wò, ó dijú pọ̀.

“Màmá, ẹ ti pa wọ́n.”

“Ta ni mo pa? Ẹ má kó ọlọ́pàá bá mi o!”

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn ẹ̀dá kan tójú ò lè rí ló ń mú ògì kan. Ṣúgà inú àgbàdo ni wọ́n ń jẹ. Ìdọ̀tí tí wọ́n ń yà ló ń kan yẹn. Awọ tín-ínrín ló bo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ẹnu ọ̀nà wẹ́wẹ́ sì wà lára ẹ̀ tí wọ́n ń gbà tì í síta.

“Bí ìta bá wá kan jù, títì í síta á di ogun. Èyí tí wọ́n ti tì jáde á tún máa gba ara awọ yọ́ wọlé. Gbogbo okun wọn á tán síbẹ̀, wọ́n á sì kú.”

“Tíṣà, ìgbẹ́ ni mo wá ń polówó látọjọ́ yìí?”

“Ẹ ṣáà má sọ fún oníbàárà.”

Ó ní kí n lọ wá omidùn tuntun, tí àwọn ẹ̀dá inú ẹ̀ ṣì wà láàyè. Ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ́ ògì ládùúgbò? Ìyá Sẹ́nà ni. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo sọ lójú oníbàárà ẹ̀ pé omi ìfọwọ́ ló ń tà.

Mo gbé abọ́ lọ bá a nílé ẹ̀ ní Àjàrà.

“Ìyá Dúpẹ́, ṣé omi ìfọwọ́ mi lo wá tọrọ?”

“Òun náà ni, ọ̀rẹ́ mi. Bù ú kún.”

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó fi èdè Ègùn sọ nǹkan kan fún ọmọ ẹ̀, tọmọ ti ìyá tún fẹ̀rín sí i. Mi ò gbọ́ Ègùn, àmọ́ mo mọ èébú. Ó bù ú fún mi ṣá, ó ní, “Bí wọ́n bá yìn ọ́, sọ ibi tó ti wá.”

Mo da ìkòkò àtijọ́ nù, mo fọ̀ ọ́, mo bu omidùn ẹ̀ sórí àgbàdo tó ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́. Ní Ọjọ́bọ̀, ó ti kan dáadáa, mo lọ̀ ọ́, mo sẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kúùkù tọ́ ọ wò, ó ní, “Háà, èyí mà dùn o! Kí lẹ fi sí i?”

Mo lè parọ́. Ẹnu mi ò kọ irọ́. Mo wo garawa mẹ́rin yẹn, mo mí kanlẹ̀, mo ní, “Omidùn Ìyá Sẹ́nà ni.”

Àṣé òótọ́ yẹn ò ní sọ mí di aláìní. Látọ̀sẹ̀ kejì, kúùkù ń gba garawa méjì lọ́dọ̀ mi, méjì lọ́dọ̀ ẹ̀, àwa méjèèjì sì ń pààrọ̀ omidùn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kó má bàa kan jù. Ohun tó dùn mí jù ni pé mi ò rí ògì ẹ̀ bú mọ́: omi kan náà ló wà nínú tèmi.